Sítáǹdì Tí Bàbá Mi Fi Ọwọ́ Wọ̀n

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò lè jókòó sójú kan. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé méjèèjì lè wà nínú èèyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò Ìyá Àgbà rèé níwájú mi lórí tábìlì, ojú wọn là sílẹ̀ kedere, wọ́n ń wò mí. Ojú wọn là! Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ojú wọn là! Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ohun tójú wa rí kí ojú yẹn tó là, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún padà lọ abẹ́ bíríìjì Sango lọ pariwo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó ni wọ́n ń gbé. Àwa ń gbé Àtàn, torí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń da irin l'Ọ̀tà ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ya Ìyá Àgbà láyé wọn, ojú wọn dì pa ni. Fọ́tò ìkómọ, fọ́tò ọdún iléyá, fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé tí bàbá mi kọ́ fún wọn, gbogbo ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sùn lórí ìjókòó. Ojú wọn kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó bá ta lójijì. Kí fíláàṣì tó kọ yẹ̀rì, wọ́n ti di ojú. Tí wọ́n bá jáde sóòrùn, omi ni yóò máa dà lójú wọn. Inú iyàrá wọn nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kékeré yẹn, lojú wọn ti ń là dáadáa.

Àwọn fúnra wọn ló pe bàbá mi lórí fóònù lọ́jọ́ kan, mo wà níbẹ̀.

"Èwo nínú àwọn fọ́tò mi lẹ máa gbé kọ́ ògiri lẹ́yìn mi?" wọ́n ní. "Mi ò tíì kú, ojú mi ti dì nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ sọ fún ọkọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò yẹn kó wá yà mí bí alààyè."

Èmi ni ọkọ wọn tí wọ́n ń wí. Lẹ́yìn tí mo jáde girama, iṣẹ́ fọ́tò ni mo lọ kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi obìnrin kan ní Ìyànà Iyesi. Mo fò sókè lọ́jọ́ yẹn. Mo jó dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà ní kí n wá ya àwọn!

Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ fà mí wálẹ̀. Wọ́n ní tí ò bá ti sí fíláàṣì, tí iyàrá sì ṣókùnkùn díẹ̀, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ la ojú ẹ̀ pẹ́ kó tó rí nǹkan. Tó bá mì níwọ̀nba ìgbà tójú ẹ̀ fi là yẹn, fọ́tò bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ èèyàn ò lè dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àfi kí n ní sítáǹdì, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a máa ń de kámẹ́rà mọ́ lórí. Ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ga bí àkàbà, kò tíì kúrò lójú kan láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àwa sì ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Sango, a máa sọ̀ n'Ìbàdàn, a máa wọ òmíràn lọ Ìwó, a máa wá gun ọ̀kadà lórí ọ̀nà eléruku wọ abúlé.

"Má wo bó ṣe ń dán," ọ̀gá mi sọ fún mi. "Fa gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde tán, gbé e sílẹ̀, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí ẹsẹ̀ kan bá sá wọlé, fi sílẹ̀ fún wọn. Di orí ẹ̀ mú, lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń jó, fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà pa á, fi há abíyá, kó o rìn yí ibẹ̀ ká. Tó bá ti sú ẹ kó o tó yí i ká tán, kì í ṣe ti ìrìn àjò."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí bí orin ìwúre ilé ìwé. Mo tún un sọ nínú bọ́ọ̀sì láti Ìyànà Iyesi dé Sango. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Bàbá mi tẹ̀ lé mi lọ.

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn bàbá mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá irin ṣiṣẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí, ọwọ́ ló fi ń ra nǹkan. Ìkòkò ni o, fáànù ni o, bàtà ni o, wọ́n á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á mì í sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yọ ẹnu jáde díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí. Tó bá wúwo, ojúlówó ni. Tó bá fúyẹ́, gbàrọgùdù ni. Kò sí ẹjọ́ míì. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ṣífúùtì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn tó fi ọwọ́ wọn búrẹ́dì rí.

Ọkùnrin kan ló ń ta nǹkan fóònù àti nǹkan kámẹ́rà lábẹ́ bíríìjì Sango. Bó ṣe rí wa báyìí, ó ti dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì! Ẹ káàbọ̀, Àǹtí oníkámẹ́rà! Kí lẹ fẹ́, kí n gbé e wá kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán?"

Mo ti rí ọ̀kan lókè pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, eérú ni àwọ̀ ẹ̀, eruku bò ó. Mo ní kó bá mi gbé ìyẹn wá. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó na ọwọ́. Wọ́n mì í lẹ́ẹ̀mejì.

"Eléyìí? Ṣé igi ìgbálẹ̀ ni? Tí atẹ́gùn bá fẹ́, Ífọ̀ la ti máa lọ wá a."

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà sókè. Ó wá tẹ̀ba sábẹ́ tábìlì, ó gbé dúdú kan jáde tó ń dán gbinrin. Bàbá mi gbà á, apá wọn sọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ojú wọn là!

"Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ni nǹkan!"

"Dádì mọ irin," ọkùnrin náà ní. "Mo ti mọ̀ látòkèèrè pé ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tàn."

Mo ní, "Bàámi, ọ̀gá mi ní ká kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde, ká tẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọ̀gá ẹ ń da irin ni?" bàbá mi ní. "Ìgbà wo ni wọ́n bí ọ̀gá ẹ tí mo ti ń gbé irin?"

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, èmi náà, kẹ́ ẹ máa wò ó, mo rẹ́rìn-ín! Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹnu mi ni mo fi rẹ́rìn-ín, tí mo lè fi sọ̀rọ̀.

Kí n má parọ́, a ò tíì kúrò ní Sango tí èjìká ti ń ta mí. N'Ìbàdàn, mo ti gbé e láti ọ̀tún sósì ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Lórí ọ̀kadà, mo gbé e dábùú itan, gbogbo ibi tí kòtò wà lọ́nà yẹn ló fi hàn mí lórí egungun. Bàbá mi ń fi ẹ̀rín kígbe lórí ọ̀kadà tiwọn pé, "Nǹkan gidi máa ń wúwo o!" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi." Inú mi ń dùn ṣáá. Mo ní tí èjìká mi bá já, kó já, mò ń lọ ya ojú Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà wẹ̀, wọ́n lo tìróò, wọ́n ró aṣọ òfì tí bàbá àgbà hun fún wọn láyé ijọ́un, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ kàn ń yọ́ wọlé jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n wò mí, ojú wọn là rekete. Mo fa ẹsẹ̀ sítáǹdì jáde, mo de kámẹ́rà mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ẹsẹ̀ kan sá wọlé.

Mo sáré di kámẹ́rà mú, mo tún ẹsẹ̀ yẹn fà, mo fún un pinpin. Ó tún sá. Mo wá gbé e sókè kí n gbá a mọ́lẹ̀ díẹ̀ bóyá á gbọ́ràn, ni ìdérí rọ́bà tó wà nídìí ẹ̀ bá yọ, ni nǹkan bá ń dà ṣààà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ iyàrá.

Iyanrìn ni.

Ó dà títí ó fi dá. Mo fi èékánná yọ ìdérí ẹsẹ̀ kejì, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Iyanrìn. Ẹ̀kẹta, iyanrìn. Nígbà tó dà tán, mo na ohun tó kù sí bàbá mi. Wọ́n gbà á, wọn ò mì í. Rọ́bà lásán tí wọ́n kùn ní dúdú, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ṣé iyanrìn lẹ gbé wá láti Ọ̀tà? Wọ́n sọ fún yín pé tiwa ti tán ni?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ìbínú ò jẹ́. Mo gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ yà wọ́n, gbogbo ẹ̀ rú, Ìyá Àgbà ní ojú mẹ́rin. Mo gbé kámẹ́rà lé orí odó, ó rẹlẹ̀ jù, inú ihò imú wọn ni mo ń wò. Mo gbé àpótí lé odó, àpótí ń mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ìbínú, irú èyí tó máa ń gbóná lójú. Ọ̀la ni ṣífúùtì bàbá mi, a ò lè sùn síbẹ̀ mọ́. Nígbà tá a ń lọ, Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú.

"Tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé òkúta o, ó wà níbí," wọ́n ní. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá bá mi."

Tẹ́ ẹ bá bá mi. Gbólóhùn yẹn ló tẹ̀ lé mi dé Àtàn. Mi ò lè bá bàbá mi wí, ọmọ kì í bá bàbá ẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n mo gbé sítáǹdì òfìfo yẹn lé itan nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ti wo ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo máa ń mì í sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń yọ ẹnu jáde díẹ̀. Wọ́n máa ń yí ojú sí fèrèsé. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo ṣe é láti Ìwó dé Ìbàdàn.

Bí bàbá mi ṣe ti ṣífúùtì dé lọ́jọ́ kejì, wọn ò tiẹ̀ bọ́ra. "Ó yá," wọ́n ní. A lọ Sango.

Ọkùnrin yẹn rí wa, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí oníkámẹ́rà! Báwo ni fọ́tò?"

Mo ju sítáǹdì lé e lórí tábìlì. "Ẹ gbé e wò."

"Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Mo ní kẹ́ ẹ gbé e wò!"

Ó gbé e. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Háà. Ẹ tú u ni?"

"Òun ló tú ara ẹ̀! Níwájú arúgbó! Kí ni iyanrìn ń ṣe nínú ẹsẹ̀ kámẹ́rà? Ilé lẹ fẹ́ bá mi kọ́ ni?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà..."

"Kí wọ́n gbọ́! Ẹ máa bọ̀ o, ẹ wá ra iyanrìn! Ó lóun ń ta kámẹ́rà, birikilà ni!" Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò lórí "ẹ" tí mo bọ́ sórí "ìwọ". "Ìwọ, tí Ìyá Àgbà mi bá kú láìya fọ́tò, ṣé ojú tìẹ la máa gbé kọ́ ògiri?"

"Ó jù ẹ́ lọ," bàbá mi sọ lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò le.

Ni inú bá bí ọkùnrin náà. "Ó dáa! Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ náà! Dádì, ẹ wo ìyẹn lókè." Ó nawọ́ sí eléérú eléruku yẹn. "Òun ni ojúlówó. Ó lé lọ́dún kan tó ti wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbé e, á ní ó fúyẹ́, á ní gbàrọgùdù ni. Gbogbo yín! Tí nǹkan ò bá ti fẹ́ já yín léjìká, ẹ ò ní rà á. Ẹ̀yin lẹ ń ra iyanrìn! Kí ni mo máa jẹ, iyẹ̀pẹ̀?"

"Kó o jẹ ẹ́ sàn ju kó o tà á fún mi lọ!"

Àwọn tó ń kọjá fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú mi tún wá bí sí i, torí òótọ́ ni ohun tó sọ yẹn. Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé nǹkan mọ́. Mo gun orí ìjókòó ẹ̀ tìbínú tìbínú, mo gbé eléérú yẹn sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ yẹ̀rì mi nù ún. Mo fa gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ orí ẹ̀, mo fi gbogbo ìbínú ara mi tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Kò mira! Mo lọ́ ọ sọ́tùn-ún, mo lọ́ ọ sósì. Kò jó! Mo pa á, ó kéré bí agboòrùn, mo fi há abíyá, mo rìn yí gbogbo ìsọ̀ abẹ́ bíríìjì yẹn ká.

Ẹnì kan kígbe, "Sísí, ṣé ṣọ́jà ni yín ni?"

Mi ò dá a lóhùn. Inú mi ti ń dùn. Mo tiẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi gbà á, wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀. Wọ́n rí ìkọ́ kékeré kan lábẹ́ orí ẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Kí lèyí wà fún?"

"Wọ́n máa ń so nǹkan tó wúwo mọ́ ọn ni, Bàámi. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ̀ẹ́ wá nǹkan so sí i, kó lè dì mọ́lẹ̀."

Wọ́n fi ìka kan ìkọ́ yẹn, ó ń mì fìrì fìrì.

"Òkúta òfì," wọ́n ní.

Ọmọ ahunṣọ ni bàbá mi kí wọ́n tó di ará ilé iṣẹ́ irin. Wọ́n ní igi òfì bàbá àwọn ò wúwo rárá, èjìká kan ni bàbá àgbà fi ń gbé gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú máa ń lọ gbọọrọ níwájú ahunṣọ, òkúta ńlá kan ló máa ń wà lọ́hùn-ún tó ń fà á kó má dẹ̀. Bàbá àgbà kì í gbé òkúta rìn. Ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń ṣa á.

"Mo dàgbà sídìí ẹ̀," bàbá mi ní. "Àfi bí ẹni pé mi ò rí i rí." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọ̀gá ẹ mọ iṣẹ́."

Èmi ni mo fẹ́ sunkún níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn bá wa bà á jẹ́, ó ní ká fi nǹkan lé e kó tó gba pàṣípààrọ̀. Bàbá mi kàn wò ó. Ó ní, "Ẹ máa mú u lọ, Dádì." Mo ní mi ò lọ, àfi kó gbé àwọn dúdú tó kù lábẹ́ tábìlì jáde. Ó gbé mẹ́ta jáde. Ojú mi ló ṣe tú iyanrìn inú wọn sí gọ́tà, ó ń kùn, mo ń kùn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí bàbá mi tó tún rí àyè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Gbogbo ìgbà tí fóònù wọn bá ti dún láàárọ̀, màá sáré lọ tẹ́tí sí ẹni tó ń pè. Mò ń binú sí ilé iṣẹ́, mò ń binú sí kàlẹ́ńdà. Tí mo bá ń fọ aṣọ, mò ń gbọ́ ọ: tẹ́ ẹ bá bá mi.

A bá wọn! A bá wọn, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo bọ́ lórí ọ̀kadà, sítáǹdì wà lẹ́yìn mi, mo ti gbàgbé pé mo gbé e.

"Ẹrù yín dà?" wọ́n ní.

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n yínmú. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ gba èyí tẹ́ ẹ gbàgbé níjọ́sí. Mo gbá a pa mọ́ fún yín. Mi ò lè máa fi ilé mi tọ́jú iyanrìn Ọ̀tà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n da iyanrìn yẹn sínú àpò kékeré, wọ́n so ó mọ́ ìkọ́. Ó ń fì díẹ̀, ni wọ́n bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ simẹ́ǹtì, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi ọwọ́ dá a dúró títí ó fi dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n wá yọwọ́. Ìyá Àgbà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ró aṣọ òfì yẹn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bà lé wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ń wo ọmọ wọn tó nasẹ̀ sílẹ̀ bíi ti bàbá ẹ̀ nídìí òfì.

Kámẹ́rà la ojú. Ó pẹ́. Kò mì.

Mo gbé e lọ fún wọn láti wò. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e sún mọ́.

"Ojú mi rèé?" wọ́n ní. "Hẹn-ẹn. Ó ti pẹ́ tá a ti rí ara wa."

Mo fò, mo fò mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ní kí n má fi kámẹ́rà ṣe àwọn léṣe. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, bàbá mi ti tú àpò iyanrìn kúrò, wọ́n ti pa sítáǹdì, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n mì í sókè sódò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o, Bàámi," mo ní.